Èsì ìdìbò àárín sáà ní Georgia, 2022: àwọn ìbéèrè tí kì í tán lẹ́nu àwọn èèyàn

Ìdìbò wo là ń sọ gan-an?

Ìdìbò gbogboogbò ìpínlẹ̀ Georgia, ní Amẹ́ríkà, tó wáyé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 2022, pẹ̀lú àtúndì ìbò sẹ́nétọ̀ tó tẹ̀lé e ní ọjọ́ 6 oṣù kejìlá. Wọ́n ń pè é ní ìdìbò àárín sáà nítorí pé ó bọ́ sí ìdajì sáà ọdún mẹ́rin ààrẹ. Joe Biden ló wà lórí àléfà nígbà náà, orúkọ rẹ̀ kò sì sí nínú ìwé ìdìbò.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìdìbò kékeré ni. Ní Georgia, ọdún àárín sáà gan-an ni wọ́n máa ń yan gómìnà, igbákejì gómìnà, Akọ̀wé Ìpínlẹ̀ (tí ètò ìdìbò wà lábẹ́ rẹ̀), Agbẹjọ́rò Àgbà, àti àwọn tó ń bójú tó ètò ọ̀gbìn, iṣẹ́ òṣìṣẹ́, adójútòfò àti ilé ẹ̀kọ́. Ẹ fi ìjókòó 14 ní ilé aṣojú ní Washington kún un, àti 56 ní ilé sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀, àti 180 ní ilé aṣojú ìpínlẹ̀.

Ta ló wọlé sípò gómìnà, báwo sì ni àlàfo náà ṣe tó?

Brian Kemp ti ẹgbẹ́ Republican, tó ti wà lórí àga tẹ́lẹ̀, ló wọlé. Ìbò 2,111,572 ló ní, ìyẹn 53.4%. Stacey Abrams ti ẹgbẹ́ Democrat ní 1,813,673, ìyẹn 45.9%. Shane Hazel ti Libertarian, ẹgbẹ́ kékeré kẹta, kó 28,163 tó ṣẹ́ kù. Ìbò 297,899 ni Kemp fi ju Abrams lọ.

Ní 2018, nígbà tí àwọn méjèèjì kọ́kọ́ kojú ara wọn, 54,723 péré ni Kemp fi lé e. Láàárín ọdún mẹ́rin, ìbò Kemp lé sí i ní 133,164, ti Abrams dín ní 110,012. Àwọn kan máa ń ka èyí sí pé ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn kúrò lẹ́yìn Abrams lọ bá Kemp. Ìwé ìdìbò kò ní orúkọ lára, nítorí náà iye yìí nìkan kò lè fi ẹni tó yí padà hàn yàtọ̀ sí ẹni tó jókòó sílé tàbí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí ìpínlẹ̀ náà.

Ẹgbẹ́ wo ló kó àwọn ipò ìpínlẹ̀ yòókù?

Republican ló kó gbogbo wọn. Burt Jones di igbákejì gómìnà pẹ̀lú 51.4%, Chris Carr padà sí ipò Agbẹjọ́rò Àgbà pẹ̀lú 51.9%, Brad Raffensperger sì padà sí ipò Akọ̀wé Ìpínlẹ̀ pẹ̀lú 53.2%. Raffensperger yìí ni Donald Trump tẹ̀ láago ní oṣù kìíní 2021 pé kó bá òun wá ìbò 11,780 tí òun yóò fi borí Biden ní Georgia nínú ìdìbò 2020, tí ó sì kọ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ní Georgia, gómìnà àti igbákejì rẹ̀ kì í gun ẹṣin kan náà. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń dìbò fún wọn, wọ́n sì lè wá láti ẹgbẹ́ méjì. Ìdí nìyẹn tí ìbò Jones kò fi bá ti Kemp dọ́gba.

Ní ilé aṣòfin ńkọ́? Ṣé lóòótọ́ ni pé àwọn ọmọ Yorùbá wọlé?

Lóòótọ́ ni. Phil Olaleye wọlé ní ẹkùn 59, Segun Adeyina ní ẹkùn 110, Solomon Adesanya ní ẹkùn 43. Ọmọ Nàìjíríà mìíràn, Gabe Okoye, wọlé ní ẹkùn 102. Ẹgbẹ́ Democrat ni gbogbo wọn, ilé aṣojú ìpínlẹ̀ ní Atlanta ni wọ́n sì lọ, kì í ṣe Washington. 

Ilé aṣojú ìpínlẹ̀ parí sí Republican 101, Democrat 79. Ilé sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ sí 33 àti 23. Ní ìjókòó 14 ti Washington, Republican mú 9, Democrat mú 5. Mẹ́jọ sí mẹ́fà ni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti tún ààlà àwọn ẹkùn fà ní ìparí 2021.

Ọdún 2021 ni Warnock wọlé sí sẹ́nétọ̀. Kí ló dé tó tún ń díje ní 2022?

Nítorí pé ìyókù sáà ẹlòmíràn ló ń lò. Johnny Isakson fi ipò sílẹ̀ ní ìparí 2019 nítorí àìlera. Kemp yan Kelly Loeffler síbẹ̀ títí ìdìbò yóò fi dé. Raphael Warnock, pásítọ̀ ìjọ Ebenezer Baptist ní Atlanta níbi tí Martin Luther King Jr. ti jẹ́ pásítọ̀, borí Loeffler ní àtúndì ìbò ọjọ́ 5 oṣù kìíní 2021. Sáà Isakson yẹn parí ní oṣù kìíní 2023.

Jon Ossoff wọlé ní ọjọ́ kan náà, àmọ́ sáà ọdún mẹ́fà tó pé ni tirẹ̀. Òun kò ní láti díje ní 2022.

Warnock ló ní ìbò jù ní oṣù kọkànlá. Kí ló dé tí wọn kò kéde rẹ̀ lójú ẹsẹ̀?

Òfin Georgia kò fẹ́ ẹni tó kàn pọ̀ ju ẹnìkejì lọ. Ó fẹ́ ẹni tó kọjá ìdajì gbogbo ìbò tí wọ́n dì fún ipò náà. Èyí ni ìbò wọn ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá: Warnock 1,946,117 (49.4%), Herschel Walker ti Republican 1,908,442 (48.5%), Chase Oliver ti Libertarian 81,365 (2.1%).

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3,935,924, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ 1,967,962. Warnock fi 37,675 ju Walker lọ, síbẹ̀ ó ku ìbò 21,846 kó tó kọjá ìdajì. Ẹni tó bá ń bú Oliver tàbí tó ń yìn ín, ìṣirò yìí ni kó máa wò. Ìbò Oliver nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ohun tí Warnock ń wá.

Ti Nàìjíríà yàtọ̀. Níbẹ̀, ẹni tó fẹ́ di gómìnà gbọ́dọ̀ ní ìbò tó pọ̀ jù, kó sì ní ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Georgia kò bìkítà nípa bí ìbò ṣe tàn ká. Bí gbogbo ìbò èèyàn bá ti inú káúńtì (bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn) márùn-ún wá, tó sì kọjá ìdajì, ó ti parí.

Kí ni èsì àtúndì ìbò náà?

Warnock 1,820,633 (51.4%), Walker 1,721,244 (48.6%). Àlàfo 99,389. Kò sí ẹnìkẹta nínú ìwé ìdìbò, nítorí náà ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọjá ìdajì. Ìṣẹ́gun yìí gbé iye àwọn Democrat àti àwọn tó ń bá wọn jókòó ní sẹ́nétọ̀ Amẹ́ríkà láti 50 dé 51, wọn kò sì nílò ìbò igbákejì ààrẹ, tó ń já ọ̀rọ̀ nígbà tí ìbò bá dọ́gba, nígbà gbogbo mọ́.

Ọjọ́ kan náà, ìwé kan náà: báwo ni Kemp ṣe wọlé tí Walker, tí wọ́n jọ wà lẹ́gbẹ́, kò rí i mú?

Èyí ni ìbéèrè tó dùn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ìṣirò lásán sì ni ó fi ń dáhùn ara rẹ̀. Ìbò Walker fi 203,130 dín sí ti Kemp. Ibo ni wọ́n lọ? Ìbò Warnock fi 132,444 ju ti Abrams lọ. Ìbò Oliver fi 53,202 ju ti Hazel lọ, Libertarian kan náà. Àwọn tó dìbò gómìnà sì fi 17,484 ju àwọn tó dìbò sẹ́nétọ̀ lọ, ìyẹn ni pé àwọn kan fi àyè yẹn sílẹ̀ lófo. Ẹ ro mẹ́ta yẹn pọ̀: 203,130 gééré.

Àlàfo lásán nìwọ̀nyí. Wọn kò sọ pé èèyàn 132,444 kan wà tó dá dì Kemp àti Warnock pọ̀. Iye àwọn tó dì í bẹ́ẹ̀ gan-an lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àwọn mìíràn sì dì í ní ìdàkejì. Ohun tó dájú ni pé àwọn tó kọ Walker nínú àwọn olólùfẹ́ Kemp tó láti yí èsì padà.

Kí ló fà á? Kemp ti borí David Perdue, ẹni tí Trump fà kalẹ̀, pẹ̀lú 73.7% ní ìdìbò abẹ́lé ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún, èyí sì sọ ọ́ di ẹni tí àwọn tí kò fẹ́ràn Trump lè dìbò fún. Walker ní tirẹ̀ jẹ́ ìlú-mọ̀-ọ́n-ká agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (American football), ó gba Heisman, àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tó dára jù, ní 1982, ṣùgbọ́n kò di ipò òṣèlú kankan mú rí, ìpolongo rẹ̀ sì kún fún ẹ̀sùn nípa ìgbésí ayé rẹ̀, tó sẹ́ púpọ̀ nínú wọn. Lójú tiwa, ìdí kejì yìí wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé Jones, tí Trump náà fọwọ́ sí, wọlé láìsí àtúndì ìbò.

Ní oṣù kejìlá, Kemp kò sí nínú ìwé ìdìbò mọ́ láti fa àwọn èèyàn jáde. Ìbò Walker já wálẹ̀ ní 187,198. Ti Warnock ní 125,484.

Ta ló ń kéde èsì ní Georgia? Ṣé wọ́n ní irú INEC?

Kò sí àjọ kan ṣoṣo tó ń ṣe gbogbo rẹ̀. Káúńtì 159 ló wà, olúkúlùkù ló ń ṣètò ìdìbò tirẹ̀, ló ń kà á, ló sì ń fọwọ́ sí i. Ní 2022, irú ẹ̀rọ kan náà ni gbogbo káúńtì ń lò, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2020: wàá fọwọ́ tẹ ojú ẹ̀rọ, yóò tẹ bébà jáde pẹ̀lú orúkọ àwọn tí o yàn àti àmì onígun mẹ́rin kan (QR code), wàá sì ti bébà náà sínú ẹ̀rọ tó ń kà á. Ẹ ka bébà náà dáadáa kí ẹ tó tì í sínú ẹ̀rọ, torí pé lẹ́yìn ìyẹn kò sí àtúnṣe.

Ohun tí ẹ ń gbọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ ọjọ́ ìdìbò, pé lágbájá ti wọlé, àwọn ilé iṣẹ́ ìròyìn ló ń fi ìṣirò sọ ọ́. Kò ní agbára òfin. Káúńtì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí èsì tirẹ̀ ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé ìdìbò, Akọ̀wé Ìpínlẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí àpapọ̀ rẹ̀ kí ọjọ́ 17 tó kọjá. Iye tó wà nínú ìwé Akọ̀wé Ìpínlẹ̀ ni èsì.

Kí ló dé tí iye ìbò fi ń yí padà lóru? Ṣé èrú ni?

Ọ̀wọ́ọ̀wọ́ ni ìbò ń wọlé. Òfin gba káúńtì láàyè láti ṣí àpòòwé ìbò orí pósítà (ìbò tí wọ́n fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́) kí wọ́n sì ti wọ́n gba inú ẹ̀rọ ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, àmọ́ wọn kò gbọdọ̀ tú iye rẹ̀ síta kí ibùdó ìdìbò tó ti ilẹ̀kùn ní agogo 7 alẹ́. Nítorí náà ìbò ìṣáájú (ti àwọn tó lọ dìbò kí ọjọ́ ìdìbò tó pé) àti ti pósítà sábà máa ń kọ́kọ́ hàn, ti ọjọ́ ìdìbò yóò máa tẹ̀lé e. Káúńtì kéékèèké ìgbèríko tètè ń parí. Fulton àti DeKalb, káúńtì méjì ní àgbègbè Atlanta níbi tí Democrat ti lágbára, èrò wọn pọ̀. Bí àwọn ọ̀wọ́ yìí ti ń wọlé ni ẹni tó wà níwájú ń yí padà.

Láti 2021, òfin ní kí káúńtì kéde iye gbogbo ìwé ìdìbò tó wọlé kó tó di agogo 10 alẹ́ ọjọ́ náà, kí wọ́n má sì dáwọ́ kíkà dúró. Ìyẹn ni ẹ lè fi mọ iye tó kù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń lọ, iye ìwé tí wọn kò tíì kà ni kó wò, kì í ṣe ìdá ọgọ́rùn-ún àwọn ibùdó tó ti mú èsì wá.

Green card ni mo ní. Ṣé mo lè dìbò fún gómìnà nìkan, kí n fi ti sẹ́nétọ̀ sílẹ̀?

Rárá. Ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà nìkan ló lè dìbò ní Georgia, ipò yòówù kó jẹ́. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè tó bá dìbò nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ti rú òfin ìjọba àpapọ̀, ó sì lè já sí lílé èèyàn kúrò nílùú. Kódà kí ẹ fi orúkọ sílẹ̀ lásán léwu. Bí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ìwé ìwakọ̀ bá bi yín bóyá ẹ fẹ́ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, ẹ dáhùn pé rárá, kí ẹ sì yẹ ìwé náà wò kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Mo ti búra di ọmọ Amẹ́ríkà, síbẹ̀ wọ́n ní orúkọ mi "ń dúró". Kí ni kí n ṣe?

Àkọsílẹ̀ ìwé ìwakọ̀ yín ṣì gbé yín gẹ́gẹ́ bí àlejò ni, nítorí pé ìgbà tí ẹ gbà á, ẹ kò tíì búra. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ìbúra tàbí pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà lọ sí ọ́fíìsì ìdìbò káúńtì yín, wọn yóò tú orúkọ yín sílẹ̀. Bí ọjọ́ ìdìbò bá bá yín lójijì, ẹ mú un lọ sí ibùdó ìdìbò, wọ́n gbọ́dọ̀ gbà á. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ tún ìwé ìwakọ̀ náà ṣe kí wàhálà yìí má baà padà wá.

Orúkọ tún máa ń fa ìjàngbọ̀n. Kí ìkọ̀wé orúkọ yín, àlàfo àárín rẹ̀ àti ètò rẹ̀ bá ìwé ìwakọ̀ mu. Ẹni tó jẹ́ Oluwaseun níbì kan, tó wá jẹ́ Seun níbòmíràn, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá iṣẹ́ sí i.

Kí ló máa ń mú kí wọ́n da ìbò orí pósítà nù?

Pípẹ́ ló ṣáájú. Ìwé náà gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ káúńtì ní agogo 7 alẹ́ ọjọ́ ìdìbò. Ọjọ́ tí pósítà lu òǹtẹ̀ kò ràn yín lọ́wọ́, àfi ológun àti ẹni tó wà ní òkè òkun. Ọjọ́ 11 ṣáájú ìdìbò ni bíbéèrè fún un ń parí. Ẹ má ṣe dúró dé ọjọ́ yẹn.

Àṣìṣe orí àpòòwé ló kàn: nọ́ńbà ìwé ìwakọ̀ tí kò sí níbẹ̀, tàbí ọjọ́ òní tí èèyàn kọ sí àyè ọjọ́ ìbí. Bí káúńtì bá rí i, wọn yóò kàn sí yín, ẹ sì ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìdìbò láti tún un ṣe. Ní ti àpótí tí wọ́n ń ju ìwé ìdìbò sí (drop box), ẹ rántí pé inú ibùdó ìdìbò ìṣáájú ló wà, àsìkò tí wọ́n ń dìbò níbẹ̀ nìkan ló sì ń ṣí.

Nígbà mìíràn káúńtì ló ṣẹ̀. Ní 2022, Cobb County kò fi ìwé ìdìbò ránṣẹ́ sí èèyàn tó lé ní 1,000 tó béèrè fún un. Ilé ẹjọ́ sún gbèdéke fún wọn dé ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá.

Mi ò dìbò ní oṣù kọkànlá. Ṣé mo lè dìbò nínú àtúndì ìbò?

Bẹ́ẹ̀ ni, bí orúkọ yín bá ti wà nínú ìwé kí gbèdéke tó kọjá. Ibẹ̀ ni ìdẹkùn wà. Òfin 2021 tí wọ́n ń pè ní SB 202 gé àkókò àtúndì ìbò láti ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án sí mẹ́rin, gbèdéke ìforúkọsílẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí oṣù kan ṣáájú. Ní 2022, gbèdéke náà bọ́ sí ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá, ọjọ́ kan kí ìdìbò àkọ́kọ́ tó wáyé, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ bóyá àtúndì ìbò yóò wà.

Kí ni gbogbo ẹjọ́ lórí dídìbò ní Sátidé yẹn?

SB 202 ní kí ìdìbò ìṣáájú fún àtúndì ìbò bẹ̀rẹ̀ ní kíákíá. Sátidé kan ṣoṣo tó ṣeé lò jẹ́ ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá, ṣùgbọ́n Thanksgiving bọ́ sí ọjọ́ 24, ìsinmi ìpínlẹ̀ sì bọ́ sí ọjọ́ 25. Akọ̀wé Ìpínlẹ̀ ní òfin kò gbà kí wọ́n dìbò ní Sátidé tó tẹ̀lé ìsinmi. Ẹgbẹ́ Warnock ní ìdìbò gbogboogbò ni òfin yẹn wà fún, kì í ṣe àtúndì ìbò. Adájọ́ Fulton gbà pẹ̀lú wọn, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Georgia kò sì dá sí i. Káúńtì tó fẹ́ ló ṣí, púpọ̀ kò ṣí.

Ìgbà wo ni wọ́n ń tún ìbò kà?

Bí àlàfo kò bá ju ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ẹni tó fìdí rẹmi lè béèrè fún un. Ìdá 2.8 ni àlàfo Warnock àti Walker ní oṣù kejìlá, nítorí náà kò sí ọ̀nà rẹ̀.

Àyẹ̀wò yàtọ̀ sí àtúnkà. Wọ́n máa ń mú ipò kan, wọ́n á fa àwọn ọ̀wọ́ bébà kan jáde láìṣojúsàájú, wọ́n á fi ọwọ́ kà wọ́n, wọ́n á sì fi wé ohun tí ẹ̀rọ sọ. Ní 2022, ipò Akọ̀wé Ìpínlẹ̀ ni wọ́n mú. Èsì náà dúró.

Ibo ni òfin kíkọjá ìdajì yìí ti wá?

Ìtàn rẹ̀ kò dára. Ní 1963, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ Amẹ́ríkà fagi lé ètò tí Georgia fi ń fún káúńtì ìgbèríko ní agbára ju èrò inú wọn lọ. Denmark Groover, aṣòfin láti Macon tó gbà pé ìbò àwọn aláwọ̀ dúdú ló lé òun kúrò nípò ní 1958, wá tì í pé kí ẹni tó bá fẹ́ wọlé kọjá ìdajì. Èrò rẹ̀ ni pé bí àwọn aláwọ̀ funfun bá pín ìbò wọn ní ìpele àkọ́kọ́, wọn yóò kó jọ ní ìkejì.

Láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ tó bá ń ṣe ìjọba ló ń fà á síbi tó wù ú. Ní 1992, nínú ìdìbò sẹ́nétọ̀, Wyche Fowler ti Democrat ló wà níwájú, àmọ́ Paul Coverdell ti Republican borí rẹ̀ nínú àtúndì ìbò. Democrat wá sọ ọ́ di 45%, èyí ló jẹ́ kí Max Cleland wọlé ní 1996 pẹ̀lú 48.9%. Republican dá a padà sí ìdajì ní 2005. Òfin tí wọ́n dá padà yẹn ló sì di Warnock lọ́wọ́ ní oṣù kọkànlá 2022. Ká ní 45% ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ipò méjì kan wà nínú ètò ọdún náà tí wọn kò dìbò fún. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ìjókòó méjì ni, ní ìgbìmọ̀ tó ń pinnu owó iná mànàmáná. Olúkúlùkù ọmọ ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ máa gbé ní ẹkùn tirẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìpínlẹ̀ ló ń dìbò fún un. Ní oṣù kẹjọ 2022, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní ètò yìí ń bomi pa agbára ìbò àwọn aláwọ̀ dúdú, ó sì dá ìdìbò náà dúró. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ú lọ yí ìdájọ́ náà padà nígbà tó yá, àmọ́ ọjọ́ ti lọ. Àwọn tó wà nípò ń bá iṣẹ́ lọ láìsí ìdìbò títí di oṣù kọkànlá 2025, nígbà tí Alicia Johnson àti Peter Hubbard, Democrat méjèèjì, wá gba àga lọ́wọ́ wọn.